Ẹjọ́ mẹ́fà lórí ẹ̀sùn kan: bí wọ́n ṣe ń yọ aláwọ̀ dúdú kúrò nínú júrì ní Winona

Ìlú kékeré ni Winona, ní àríwá ìpínlẹ̀ Mississippi, ní Amẹ́ríkà. Nǹkan bí 5,000 ènìyàn ló ń gbé ibẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú lé díẹ̀ ní ìdajì wọn, ìdá 53 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ ìdá 46. Láàárín ọdún 1997 sí 2010, ìjọba gbé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Curtis Flowers lọ síwájú júrì lẹ́ẹ̀mẹfà lórí ìpànìyàn kan náà. Agbẹjọ́rò ìjọba kan ṣoṣo, Doug Evans, ló ṣe agbátẹrù ẹjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Nínú àwọn tí àkọsílẹ̀ àwọ̀ wà fún lára ẹjọ́ wọ̀nyí, aláwọ̀ dúdú 42 ló bọ́ sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó lè yọ kúrò nínú júrì láìsọ ìdí. Ó yọ 41.

Flowers ni gbogbo ayé mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀mí rẹ̀ ló wà lórí ọ̀pá. Àwọn 41 wọ̀nyẹn ni mo fẹ́ kí a wò dáadáa.

Fún ẹni tó jẹ́ pé inú fíìmù nìkan ló ti rí júrì, ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé díẹ̀. Ní Nàìjíríà lónìí, adájọ́ nìkan ló ń gbọ́ ẹjọ́, òun náà ló ń dá a. Ní Amẹ́ríkà, bí ẹ̀sùn bá wúwo tó ti ìpànìyàn, ará ìlú méjìlá ni yóò sọ bóyá olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ fẹnu kò. Adájọ́ á jókòó láti sọ ohun tí òfin wí fún wọn. Kóòtù máa ń ṣa orúkọ láti inú ìwé àwọn olùdìbò, ibòmíràn a sì fi orúkọ àwọn tó ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ kún un, wọ́n á wá fi lẹ́tà ránṣẹ́ pe àwọn tí orúkọ wọn jáde. Àwọn ọmọ wa tó ti gba ìwé ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀ mọ lẹ́tà yẹn dáadáa. Ẹni tó bá kọ̀ tí kò lọ lè san owó ìtanràn.

Bí àwọn tí wọ́n pè bá ti pé sí kóòtù, adájọ́ àti agbẹjọ́rò ọ̀tún àti tòsì á máa bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà já ènìyàn sílẹ̀. Èkíní, bí ó bá hàn kedere pé onítọ̀hún ò lè ṣe òdodo, bí ẹni tí olùjẹ́jọ́ jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, adájọ́ á ní kó máa lọ. Èkejì ni èyí tó dá wàhálà sílẹ̀: wọ́n fún ìhà kọ̀ọ̀kan ní iye ènìyàn tó lè yọ láì ní ìdí kankan láti sọ. Agbẹjọ́rò kàn lè wo ojú rẹ kó ní òun ò fẹ́ ẹ.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn agbẹjọ́rò ìjọba fi ọ̀nà kejì yìí sọ júrì di ti aláwọ̀ funfun nìkan. Ní ọdún 1986, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Batson, tó wá láti ìpínlẹ̀ Kentucky. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ jẹ́ nítorí àwọ̀ ara ni ẹnikẹ́ni yóò fi yọ ènìyàn mọ́. Bí olùjẹ́jọ́ bá fura, kó ké sí adájọ́. Agbẹjọ́rò ìjọba á wá sọ ìdí tí kì í ṣe ti àwọ̀, adájọ́ á sì pinnu bóyá òótọ́ ni ìdí náà tàbí ó kàn fi ń bojú. Thurgood Marshall, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jókòó sí ilé-ẹjọ́ yẹn, fara mọ́ ìdájọ́ náà, àmọ́ ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò tíì tó: àfi kí wọ́n fòpin sí yíyọ ènìyàn láìsọ ìdí pátápátá. Ó ní ta ni kò lè rí àwáwí sọ?

Ẹ jẹ́ ká padà sí Winona.

Ní ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 1996, wọ́n yìnbọn pa ènìyàn mẹ́rin nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àga àti tábìlì nígboro ìlú náà: ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ náà ba gbogbo ìlú lọ́kàn jẹ́. Flowers ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dá a dúró, ni àwọn ọlọ́pàá bá dojú kọ ọ́. Oṣù kìíní ọdún 1997 ni wọ́n mú un. Kò sí ẹni tó rí ìpànìyàn náà lójú, wọn ò sì rí ìbọn tí wọ́n fi ṣe é. Lára ẹ̀rí tí ìjọba gbára lé jù ni ti ẹlẹ́wọ̀n kan tó ní Flowers jẹ́wọ́ fún òun. Ẹ̀yìn ọdún púpọ̀ ni ẹlẹ́wọ̀n náà sọ fún àwọn oníròyìn pé irọ́ lòun pa. Lórí ẹ̀rí, ibi tí mo fẹ́ dé nìyẹn.

Ẹjọ́ kìíní wáyé ní Tupelo ní ọdún 1997. Aláwọ̀ dúdú márùn-ún ló kù tí Evans lè yọ, ó yọ márààrún, aláwọ̀ funfun nìkan ló jókòó. Wọ́n dájọ́ ikú fún Flowers. Ẹjọ́ kejì wáyé ní Gulfport ní 1999. Ó tún yọ aláwọ̀ dúdú márùn-ún, ṣùgbọ́n níbẹ̀ adájọ́ sọ pé ìdí tó sọ lórí ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe òótọ́, ó sì dá ẹni náà padà sórí ìjókòó. Funfun mọ́kànlá, dúdú ẹyọ kan. Ikú tún ni. Ilé-ẹjọ́ gíga Mississippi, èyí tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà, fagi lé ìdájọ́ méjèèjì, torí pé Evans ń sọ fún júrì ohun tí kò tọ́ kó sọ.

Ẹjọ́ kẹta, ní 2004, ni ọ̀rọ̀ di ojú kedere. Winona gan-an ni wọ́n ti ṣe é, níbi tí dúdú ti pọ̀. Evans ní àǹfààní láti yọ ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó lo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà tán pátá, kò sì lo ẹyọ kan lórí aláwọ̀ funfun. Aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo tó jókòó, ohun tó jẹ́ kó jókòó ni pé ọwọ́ agbẹjọ́rò ti ṣófo. Wọ́n tún dájọ́ ikú. Nígbà tó di 2007, ilé-ẹjọ́ gíga Mississippi fagi lé e, lọ́tẹ̀ yìí nítorí ìyapa àwọ̀. Àwọn adájọ́ ibẹ̀ sọ pé nínú gbogbo ẹ̀sùn irú rẹ̀ tó ti dé iwájú àwọn, kò sí èyí tí àmì rẹ̀ lágbára jù ú lọ.

Kí ni ìjìyà agbẹjọ́rò tí ilé-ẹjọ́ bá sọ irú èyí nípa rẹ̀? Wọ́n ní kó lọ tún ẹjọ́ ṣe. Òun náà ló sì tún un ṣe.

Ẹjọ́ kẹrin, 2007, ó yọ dúdú mọ́kànlá nínú mẹ́rìndínlógún. Àwọn tó kù pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, aláwọ̀ dúdú márùn-ún ló sì jókòó pẹ̀lú funfun méje. Júrì náà ò fẹnu kò, ẹjọ́ fọ́. Ẹjọ́ karùn-ún, 2008, funfun mẹ́sàn-án, dúdú mẹ́ta, ó tún fọ́: ẹni mọ́kànlá ní Flowers jẹ̀bi, ẹnì kan ní kò jẹ̀bi.

Ibí yìí ló yẹ ká dúró díẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ni ẹnì kan ṣoṣo yẹn. Lẹ́yìn tí ẹjọ́ fọ́, wọ́n mú un, wọ́n fẹ̀sùn ìbúra èké kàn án pé ó parọ́ nígbà tí wọ́n ń bi í léèrè kí wọ́n tó yàn án. Nígbà tó yá, wọ́n fagi lé ẹ̀sùn náà, kò sì ṣẹ̀wọ̀n. Àmọ́ ẹ fojú ará Winona wò ó. O gba lẹ́tà kóòtù, o fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀, o jókòó gbọ́ ẹjọ́, o sọ ohun tí ọkàn rẹ gbà, ni wọ́n bá fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ọ lọ́wọ́. Lọ́dún méjì sí i, wọ́n tún fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn aládùúgbò rẹ pé kí wọ́n wá ṣe ọmọ júrì lórí ẹjọ́ kan náà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé èyí nígbà tí wọ́n bá ń ráhùn pé àwọn aláwọ̀ dúdú kì í fẹ́ wá jókòó.

Ẹjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà 2010. Lẹ́yìn tí adájọ́ já àwọn tí kò yẹ sílẹ̀, ó ku ènìyàn 26: funfun 20, dúdú 6. Evans gba dúdú àkọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn náà ó yọ márùn-ún tó kù, tẹ̀léra tẹ̀léra. Òye tèmi ni pé ẹni tó bá ti jẹ̀bi ìyapa rí a máa kọ́ bó ṣe yẹ kó ṣe é: fi ẹnì kan síbẹ̀, kí ẹnu má bàa kún ọ.

Ìbéèrè tó bi wọ́n ló tú àṣírí. Àwọn dúdú márùn-ún tó yọ, ìbéèrè 145 ni ìjọba bi gbogbo wọn pọ̀. Àwọn aláwọ̀ funfun mọ́kànlá tó jókòó, ìbéèrè 12 péré ni wọ́n bi gbogbo wọn. Ẹ ṣírò rẹ̀: nǹkan bí ìbéèrè 29 fún dúdú kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan fún funfun kọ̀ọ̀kan. Ìwádìí kò ju báyìí lọ: ta lo mọ̀, ibo lo ti ṣiṣẹ́, ta ni ẹbí rẹ, ṣé o jẹ gbèsè. Ní ìlú ẹlẹ́gbẹ̀rún márùn-ún, ta ni kò mọ ẹnì kan? Bí o bá bi ènìyàn ní ìbéèrè 29, wàá rí nǹkan tí wàá fi yọ ọ́. Bí o bá bi ẹlòmíràn ní ẹyọ kan, ìwé á mọ́ tónítóní. Nígbà tí adájọ́ bá wá ní kí o sọ ìdí, wàá ka ìwé náà fún un, á sì dà bíi pé àwọn dúdú nìkan ló ní àbùkù.

Obìnrin kan wà lára àwọn márùn-ún náà. Ìdí tí ìjọba sọ lórí rẹ̀ ni pé ó mọ ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìí, pé ṣọ́ọ̀bù náà ti gbé e lọ sí kóòtù rí lórí gbèsè, àti pé ó ti bá bàbá Flowers ṣiṣẹ́ ní Walmart. Òótọ́ ni pé ilé ìtajà kan náà ni àwọn méjèèjì ti ṣiṣẹ́. Bóyá wọ́n sún mọ́ra níbẹ̀, Evans ò béèrè. Ó sì wà nínú àwọn funfun tí wọ́n pè ẹni tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì tó mọ ẹbí Flowers níbi iṣẹ́ rẹ̀. Wọn ò bi í ní nǹkan kan lórí ìyẹn. Fún òmíràn nínú àwọn dúdú tí wọ́n yọ, ìjọba tilẹ̀ sọ nǹkan tí kò bá ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ kóòtù mu.

Funfun mọ́kànlá, dúdú kan. Ikú.

Ọdún mẹ́sàn-án ni ọ̀rọ̀ náà fi rìn kó tó dé ìparí. Ilé-ẹjọ́ gíga Mississippi fọwọ́ sí ìdájọ́ ẹjọ́ kẹfà. Ní 2016, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n tún fọwọ́ sí i ní 2017. Oṣù kẹta 2019 ló dé Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà, níbi tí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ wà. Clarence Thomas, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ ibẹ̀, tó ti tó ọdún mẹ́ta tí kò bi agbẹjọ́rò kankan ní ìbéèrè nínú kóòtù, la ẹnu lọ́jọ́ náà. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá agbẹjọ́rò Flowers náà yọ ènìyàn, àti irú àwọ̀ tí wọ́n jẹ́. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, funfun sì ni wọ́n.

Ìdájọ́ jáde ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà 2019: méje sí méjì fún Flowers. Brett Kavanaugh ló kọ ọ́. Ó kà á lẹ́sẹẹsẹ: 41 nínú 42, márùn-ún nínú mẹ́fà, 145 sí 12, àti ọ̀rọ̀ obìnrin tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kò sí òfin tuntun tí àwọn ń gbé kalẹ̀. Batson náà làwọn ń lò. Thomas kọ̀, Neil Gorsuch sì bá a fara mọ́ apá kan. Àríyànjiyàn Thomas kì í ṣe òmùgọ̀: ó ní ní ìlú kékeré, àwọn tí wọ́n yọ mọ àwọn tọ́rọ̀ kàn lóòótọ́, agbẹjọ́rò èyíkéyìí ì bá sì yọ wọ́n. Ó dáa. Ṣùgbọ́n àwọn funfun ìlú kan náà mọ̀ wọ́n pẹ̀lú, kò sì sẹ́ni tó wádìí wọn.

Ìtẹ̀síwájú rẹ̀ kò gùn. Oṣù kejìlá ọdún yẹn ni wọ́n gba béèlì Flowers, lẹ́yìn bí ọdún 23 ní àtìmọ́lé. Oṣù kìíní 2020 ni Evans yọwọ́ kúrò nínú ẹjọ́ náà. Oṣù kẹsàn-án ni agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀, Lynn Fitch, sọ pé ìjọba ò ní gbé e lọ síwájú júrì keje. Ní 2021, kóòtù ní kí ìpínlẹ̀ san $500,000 fún un, ní $50,000 lọ́dọọdún. Evans ńkọ́? Kò sí ìjìyà kankan fún un nínú ìdájọ́ Washington. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìdájọ́ náà, wọ́n tún dìbò yàn án sípò. Kò sí ẹni tó bá a du ú.

Àwọn tó fẹ́ràn ìdájọ́ 2019 máa ń sọ pé ó fi hàn pé Batson ń ṣiṣẹ́. Èmi rí i ní òdìkejì. Ẹjọ́ mẹ́fà ló gbà kí àṣà náà tó hàn. Bí Flowers bá ṣe ẹjọ́ ẹyọ kan bíi ti gbogbo ènìyàn, a ò ní rí 41 nínú 42. A máa rí dúdú márùn-ún tí wọ́n yọ, pẹ̀lú àwáwí márùn-ún tó dùn gbọ́ létí. Adájọ́ tó bá fẹ́ dá a dúró á ní láti pe agbẹjọ́rò tó ń rí lójoojúmọ́ ní òpùrọ́ àti ẹlẹ́yàmẹ̀yà lójú gbogbo kóòtù. Mélòó nínú wọn ló máa ṣe bẹ́ẹ̀? Nínú ẹjọ́ Flowers, lórí ènìyàn kan péré ni adájọ́ ti gboyà ṣe é, ní Gulfport.

Ìdí nìyí tí àwọn ìpínlẹ̀ kan fi gba ọ̀nà mìíràn. Washington, ìpínlẹ̀ tó wà ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn, ló kọ́kọ́ ṣe é ní 2018. Níbẹ̀, kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni fi hàn pé agbẹjọ́rò ní èrò burúkú lọ́kàn. Bí ẹni tó mọ bí ọ̀rọ̀ àwọ̀ ṣe rí ní Amẹ́ríkà bá lè wò ó kó ní àwọ̀ wà nínú rẹ̀, ó ti parí. Wọ́n sì to àwọn àwáwí kan sílẹ̀ tí wọn ò ní tètè gbà mọ́: pé ó ti bá ọlọ́pàá pàdé rí, pé kò fọkàn tán ọlọ́pàá, pé wọ́n ti mú ẹbí rẹ̀ rí, pé àdúgbò tí ìwà ọ̀daràn ti pọ̀ ló ń gbé. California ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ nínú ẹjọ́ ọ̀daràn ní 2022. Arizona lọ síbi tí Marshall tọ́ka sí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2022, kò sí ẹni tó lè yọ ọmọ júrì láìsọ ìdí níbẹ̀ mọ́, wọ́n sì fún àwọn agbẹjọ́rò ní àyè púpọ̀ sí i láti fi béèrè ọ̀rọ̀, kí wọ́n lè fi ìdí tó dúró múlẹ̀ gbé ẹni tó bá ní ẹ̀tanú jáde. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣòfin lòdì sí i láti 1988, Kánádà ní 2019.

Àwọn agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ kan ò fẹ́ èyí. Wọ́n ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà kì í jẹ́wọ́ fún adájọ́, àǹfààní àtiyọ ọ́ láìsọ ìdí nìkan ló kù fún àwọn. Mo gbọ́, mi ò sì fi ojú kékeré wò ó. Ṣùgbọ́n ohun ìjà tí ọwọ́ méjèèjì lè lò, ọwọ́ ìjọba ló ti ń pa ènìyàn jù. Ọ̀nà Arizona ni mo fara mọ́, bí wọn ò bá ti fi wàdùwàdù ṣe ìbéèrè.

Nǹkan kan tún wà tí kò ná owó púpọ̀, tí ọ̀pọ̀ kóòtù ò sì tíì máa ṣe: kí wọ́n kọ àwọ̀ gbogbo ẹni tí wọ́n yọ sílẹ̀, àti ìhà tó yọ ọ́, kó wà fún gbogbo ayé láti rí. Àwọn oníròyìn APM Reports ló fi ọwọ́ ara wọn tú àkọsílẹ̀ ẹjọ́ 225 láti ọdọ̀ Evans, láti 1992 dé 2017, nílé-ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó lè ṣírò pé ọ́fíìsì rẹ̀ ń yọ dúdú ní ìlọ́po 4.4 ju bó ṣe ń yọ funfun lọ. Ìjọba fúnra rẹ̀ kò ní iye yẹn. Kódà 41 nínú 42 tí Kavanaugh kà, ẹjọ́ márùn-ún ló ti rí i. Ní ti ẹjọ́ karùn-ún, èyí tí wọ́n ti mú ọmọ júrì lẹ́yìn rẹ̀, kò sí àkọsílẹ̀ tó sọ àwọ̀ àwọn tí ìjọba yọ.